Ara ẹni tó le ni wọ́n fi ń wọn oògùn olówó pọ́ọ́kú, ta ni yóò sanwó bí nǹkan bá yíwọ́?

Àwọn ọkùnrin 105 kan wà tí iléeṣẹ́ Pfizer kó jọ láti fa oògùn jẹjẹrẹ ọmú sí lára. Kò sí ẹni tó ní jẹjẹrẹ nínú wọn. Ara wọn le koko, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fa oògùn náà sí wọn lára, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀jẹ̀ wọn lóòrèkóòrè láti mọ bí oògùn ọ̀hún ṣe ń rìn nínú ara àti bó ṣe ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Ọdún 2014 ni àbájáde iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀. Lọ́dún 2018, àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí oògùn náà, àwọn ti Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé wọn lọ́dún 2019. Trazimera ni wọ́n ń pè é lọ́jà.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ jẹ́ oníṣòwò lè máa sọ pé kí ló kan ojú ewé okòwò nínú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Ó kàn án dáadáa. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní ọmọọṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kò ní ilé ìwòsàn kankan tó ń bá a tọ́jú wọn. Bí àìsàn ńlá bá wọlé tọ ọ̀kan nínú wọn, tàbí tó wọlé tọ ìyàwó onísọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, inú owó ọjà ni wọ́n ti ń yọ owó oògùn. Mélòó nínú wa ni kò mọ ẹnì kan tó jẹ́ pé owó tó yẹ kó fi ra ọjà ló kó fún ilé ìwòsàn, tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sì ti di títì pa títí dòní? Nítorí náà, ohunkóhun tó bá lè mú owó oògùn gọbọi wálẹ̀, ọ̀rọ̀ okòwò ni.

Oògùn tí Pfizer ń ṣe àfijọ rẹ̀ yìí, trastuzumab lorúkọ rẹ̀, Herceptin sì ni iléeṣẹ́ Roche tó ń ta ojúlówó rẹ̀ sọ ọ́. Lóṣù Kejìlá ọdún 2019, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí 20,000 dọ́là ni ojúlówó rẹ̀ ń náni. Ìgbà náà gan-an ni wọ́n fọwọ́ sí èyí tí Samsung Bioepis ṣe, òun sì ni oògùn àfijọ àkọ́kọ́ tó wọ inú ìwé àwọn oògùn tí WHO ti yẹ̀ wò fún àwọn orílẹ̀-èdè láti rà. Wọ́n ní àwọn àfijọ trastuzumab sábà máa ń fi 65 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí iye tí ojúlówó ń náni. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣírò ọjà: ohun tó jẹ́ 20,000 dọ́là á wá di 7,000. Owó ńlá ṣì ni o, pàápàá nínú náírà. Àmọ́ ilé tí wọ́n lè tà láti fi san 7,000 wà, tí wọn ò lè rí èyí tí wọ́n máa tà láti fi san 20,000.

Kí ló wá ń jẹ́ oògùn àfijọ? Biosimilar ni òyìnbó ń pè é. Ẹ má ṣe kà á mọ́ ayédèrú o, nítorí àwa tí a mọ ọjà Ládípọ̀, bí wọ́n bá ti ní nǹkan kì í ṣe ojúlówó, Taiwan ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ sí ti Taiwan. Ayédèrú ń purọ́ orúkọ, ó ń gbé páálí ẹlòmíì wọ̀. Àfijọ ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀, ó sì ti wá síwájú ìjọba láti sọ pé òun jọ lágbájá, kí wọ́n wá fi òṣùwọ̀n wọn òun.

Ìwọ̀n yẹn ló le. Bẹ́ ẹ bá mú Panadol, kẹ́míkà ni. Bí ìṣó ló rí. Alágbẹ̀dẹ tó bá mọ irú irin tí wọ́n lò, tó mọ bí ìṣó ṣe gùn tó àti bó ṣe nípọn tó, tirẹ̀ kò ní yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tí parasitamọ́ọ̀lù fi pọ̀ lọ́jà bíi rẹ́rẹ. Àmọ́ àwọn oògùn bíi Herceptin, insulin tí àwọn oníṣúgà ń gún, àti abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, ohun abẹ̀mí ló ń ṣe wọ́n. Ti Herceptin, sẹ́ẹ̀lì tí ìran rẹ̀ ti ara ẹranko kékeré kan tó jọ eku wá ni wọ́n ń sìn nínú agbada gìrìwò, tí wọ́n ń fún un lóúnjẹ, tí wọ́n ń ṣọ́ bí agbada ṣe gbóná sí tọ̀sán tòru, kó tó di pé ó pèsè oògùn sínú omi tó wà. Ògì ni kẹ́ ẹ fi wé e. Ìyá méjì lè ra àgbàdo nínú àpò kan náà, kí wọ́n rẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kí ti ọ̀kan sì kan ju ti èkejì lọ. Omi, ìkòkò, bí ojú ọjọ́ ṣe rí, ọwọ́ ẹni tó sẹ́ ẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń dá sí i. Ẹni tó fẹ́ ṣe àfijọ Herceptin kò sì ní rí Roche kó mú un wọ ilé ìdáná rẹ̀. Oúnjẹ tó ti jinná ló máa rà lọ́jà, kó tọ́ ọ wò, kó máa wá bí wọ́n ṣe sè é.

Ìyàtọ̀ kékeré sì lè di ọ̀ràn. Lọ́dún 1998, nílẹ̀ Yúróòpù, wọ́n yí ohun kan padà nínú Eprex, abẹ́rẹ́ àwọn aláìsàn kíndìnrín. Ẹ tún fetí sí i: kì í ṣe aláfijọ ló yí i padà, iléeṣẹ́ tó ni oògùn fúnra rẹ̀ ni. Kì í sì í ṣe oògùn inú rẹ̀ gan-an ni wọ́n yí padà, ohun tí wọ́n fi ń pa á mọ́ kó má baà bàjẹ́ ni. Láàárín ọdún mélòó kan, àwọn aláìsàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí. Ọmọ ogun inú ara wọn dìde sí oògùn náà, ó tún dìde sí irú rẹ̀ tí ara àwọn fúnra wọn ń ṣe, ni ara wọn ò bá lè ṣe ẹ̀jẹ̀ pupa mọ́. Ìdí rèé tí àwọn aláṣẹ kì í fi í gba ẹnu aláfijọ gbọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Ẹ jẹ́ ká mú ọjà tó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀, ìyẹn Humira, abẹ́rẹ́ làkúrègbé tí iléeṣẹ́ AbbVie ń tà. Lọ́dún 2022 nìkan, 21 bílíọ̀nù dọ́là ló pa wọlé. Iléeṣẹ́ Amgen fẹ́ jẹ níbẹ̀, ló bá ṣe àfijọ tirẹ̀. Kó tó débì kankan, ó ní láti kọ́kọ́ di oníbàárà AbbVie: ó ra Humira tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, ó tún ra èyí tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù, ní iye tí wọ́n ń tà á. Ó wá kó àwọn èèyàn 203 jọ tí ara wọn le, ó pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kan gba àfijọ, apá kan gba ti Amẹ́ríkà, apá kan gba ti Yúróòpù. Abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gún wọn. Oògùn yìí kì í sì í tètè kúrò lára, ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dín sí ìdajì, torí náà bí oṣù méjì ni wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

Ohun méjì ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn: ibi tí oògùn ga dé jù lọ, àti àpapọ̀ iye tí ara rí gbà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n á wá gbé ti àfijọ sórí ti ojúlówó. Bí wọ́n bá dọ́gba rẹ́gírẹ́gí, á jẹ́ 100. Òfin wọn ni pé kò gbọ́dọ̀ kéré sí 80, kò sì gbọ́dọ̀ ju 125 lọ. Àwọn kan máa ń gbọ́ eléyìí, wọ́n á ní ah, wọ́n gbà kí wọ́n fi 20 rẹ́ wa jẹ nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í wo àròpín nìkan. Wọ́n á ṣírò bí àṣìṣe ṣe lè pọ̀ tó lápá òkè àti lápá ìsàlẹ̀ àròpín náà, gbogbo rẹ̀ pátá ló sì gbọ́dọ̀ há sáàárín 80 àti 125. Àfijọ tó bá jẹ́ pé 82 ni àròpín rẹ̀ máa ṣubú níbẹ̀ ni, nítorí apá ìsàlẹ̀ àṣìṣe rẹ̀ á ti jábọ́. Kóńgò tó péye ni, ó péye ju púpọ̀ nínú àwọn tí a fi ń wọn gàrí lọ.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le? Ṣebí aláìsàn ló ni oògùn. Ìdí rẹ̀ ni pé ara aláìsàn kún fún ariwo. Àìsàn ọ̀kan le ju ti èkejì lọ, ọ̀kan ń lo oògùn mẹ́ta mìíràn, àìsàn fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú oògùn. Bẹ́ ẹ bá rí ìyàtọ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ara ló fà á ni àbí oògùn. Lára ẹni tó le, ariwo yẹn dín kù, ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ bá rí, ti oògùn ni. Bí èèyàn 200 bá sì lè fi ohun kan hàn yín kedere, kí lẹ fẹ́ kó 600 jọ fún?

Kì í ṣe gbogbo oògùn ni wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Rituximab, tó máa ń pa irú àwọn ọmọ ogun ara kan run fún oṣù gbọọrọ, wọn kì í gún un fún ẹni tí ohunkóhun ò ṣe. Lára àwọn tó ní làkúrègbé tàbí jẹjẹrẹ ni wọ́n ti ń wọn ìyẹn.

Títí di àìpẹ́ yìí, lẹ́yìn ti ara ẹni tó le, aláfijọ tún ní láti lọ ṣe iṣẹ́ ńlá mìíràn lára ọgọ́rọ̀ọ̀rún aláìsàn láti fi hàn pé oògùn òun ń wo àìsàn bíi ti ojúlówó. Ibẹ̀ lowó ń bá a lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbé ìlànà jáde lọ́dún 2021 pé lọ́pọ̀ ìgbà, kò pọn dandan mọ́. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2025, àjọ FDA tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà gbé àbá tirẹ̀ náà síta pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò fún ọ̀pọ̀ oògùn àfijọ. Àwọn fúnra wọn ló sọ pé iṣẹ́ ara aláìsàn yìí máa ń gba ọdún kan sí mẹ́ta, ó sì máa ń jẹ tó 24 mílíọ̀nù dọ́là ní àròpín, nígbà tó jẹ́ pé kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ohun tí àyẹ̀wò inú ilé iṣẹ́ àti ti inú ẹ̀jẹ̀ kò tíì sọ.

Mo fara mọ́ ọn. Mo sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ẹni tó bá ti rí ohun tí àfijọ ṣe fún Humira kò ní jiyàn. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2018, ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ju 400 mílíọ̀nù pọ́n-ùn làwọn ń ná lórí oògùn kan ṣoṣo yìí lọ́dún, àti pé nítorí àfijọ, àwọn máa fi 300 mílíọ̀nù pamọ́ nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, FDA ti fọwọ́ sí ti Amgen láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, àmọ́ ìwé ẹ̀tọ́ tí AbbVie gbà jọ yí oògùn náà ká àti àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe kò jẹ́ kó dọ́jà títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Lọ́dún 2024, owó tí Humira ń pa ti já wálẹ̀ sí bíi 9 bílíọ̀nù.

Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù kúrò lórí iṣẹ́ ara aláìsàn, ejìká ẹni tí ara rẹ̀ le ni ẹrù náà ń bọ́ sí, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa owó ejìká. Lójú ìwé ìṣirò àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí, èrè ti wọlé: 24 mílíọ̀nù. Lápá ibi tí wọ́n ń kọ gbèsè sí, kò sí àfikún kankan fún àwọn tí wọ́n wá gbára lé jù báyìí.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí London, ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2006, ọgbà ilé ìwòsàn Northwick Park. Oògùn tuntun ni tiwọn, kì í ṣe àfijọ, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. TGN1412 lorúkọ rẹ̀, iléeṣẹ́ kékeré kan láti Jámánì, TeGenero, ló ṣe é. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́jọ ló yọ̀ǹda ara wọn, 2,000 pọ́n-ùn ni wọ́n fẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Omi lásán ni wọ́n fún méjì, mẹ́fà gba oògùn. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá ló wà láàárín ẹnì kan àti ẹnì kejì, wọn ò dúró wo bó ṣe máa ṣe ẹni àkọ́kọ́. Kò pé wákàtí méjì tí orí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn, ẹ̀yìn ń ro wọ́n, ibà mú wọn, wọ́n ń bì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti wà níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tó wà láàárín ikú àti ìyè. Kò sẹ́ni tó kú nínú wọn, àmọ́ ọ̀kan pàdánù ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n tún gé lára ọmọ ìka ọwọ́ rẹ̀.

Ibi tó kan oníṣòwò nìyí. Kò pẹ́ tí TeGenero fi kógbá wọlé, lọ́dún 2006 yẹn kan náà. Ó ní ìwé adójútòfò o. Mílíọ̀nù méjì pọ́n-ùn ló wà lórí rẹ̀, fún ọ̀dọ́kùnrin mẹ́fà tí wọn ò mọ ohun tí ara wọn máa yà sí lọ́jọ́ iwájú. Ẹni tó bá fẹ́ gbà ju ìyẹn lọ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà, ọ̀dọ̀ ta ló fẹ́ lọ? Lọ́dún 2016, nílùú Rennes nílẹ̀ Faransé, oògùn tuntun mìíràn tún pa ẹnì kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, ó sì gbé àwọn mìíràn dé ilé ìwòsàn.

Àwọn iléeṣẹ́ aláfijọ á dáhùn pé kí n má da omi pọ̀ mọ́ epo. Wọ́n ní ohun tí àwọn ń gún fún èèyàn, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń lo ojúlówó rẹ̀, wọ́n mọ ibi tó ń rìn sí, wọ́n mọ ibi tó ń gún ni. Òótọ́ ni. Ewu wọn kéré gan-an sí ti London. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfo. Ẹ mú Humira yìí: iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń dín agbára ọmọ ogun ara kù, ìyẹn ló fi ń jẹ́ kí ikọ́ fée tó ti sùn sínú ara jí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ èèyàn wò fún ikọ́ fée kí wọ́n tó gún un. Èkejì, ara ẹni tí kò ṣàìsàn lè kọ́ bí yóò ṣe máa bá oògùn náà jà. Bí làkúrègbé bá wá mú ẹni náà ní ogún ọdún sí i, oògùn tí ì bá ràn án lọ́wọ́ lè má ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ mọ́. Ta ni yóò rántí nígbà náà pé ó gba abẹ́rẹ́ kan nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́?

Ìdáhùn mi sí wọn rọrùn, oníṣòwò èyíkéyìí ló máa yé. Bí ewu bá kéré lóòótọ́, owó adójútòfò rẹ̀ kò ní wọ́n. Iléeṣẹ́ adójútòfò kì í gba owó ńlá lórí ohun tí kì í ṣẹlẹ̀. Torí náà ẹni tó ń sọ pé kò séwu, tó tún ń sọ pé owó adójútòfò máa ba ọjà òun jẹ́, kó mú ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí iléeṣẹ́ kan bá fi 24 mílíọ̀nù dọ́là pamọ́, tó sì lo èèyàn 203 bí Amgen ṣe lò, ó ju 118,000 dọ́là lọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n yọ ìdá kan ṣoṣo nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ìyẹn á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bíi 11,800 dọ́là tí wọ́n á fi ra adójútòfò sílẹ̀ fún un, èyí tó máa bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí kò ní í dúró de ilé ẹjọ́ kó tó sanwó, tí kò sì ní bá iléeṣẹ́ kú bí iléeṣẹ́ bá kógbá wọlé. Ìdá mẹ́sàn-án ṣì wà lọ́wọ́ wọn láti fi dín owó oògùn kù.

Báyìí, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ níbi tí ọjà náà ti tóbi jù. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò pa á láṣẹ pé kí iléeṣẹ́ sanwó gbà-má-bínú fún ẹni tó fara pa nídìí iṣẹ́ yìí. Bí ewu bá ju kékeré lọ, ohun tí òfin béèrè ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn bóyá ohunkóhun wà tí wọ́n máa san tàbí kò sí. Ìyẹn ni pé iléeṣẹ́ lè kọ ọ́ gbangba pé àwọn ò ní san kọ́bọ̀, kí ẹni tó fẹ́ gba owó sì buwọ́ lù ú. Ilẹ̀ Yúróòpù sàn jù wọ́n lọ, dandan ni kí ètò adójútòfò wà níbẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ẹ ti rí i pé TeGenero náà ní tirẹ̀. Iye tó wà lórí ìwé ni kí wọ́n máa béèrè, kì í ṣe ìwé lásán.

Ohun mìíràn wà tó ń kọ mí lóminú. Níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún irú iṣẹ́ yìí, àwọn kan ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n á kúrò nínú èyí, wọ́n á bọ́ sínú èyí, wọ́n á sì fi pa mọ́ pé oògùn tàná ṣì wà lára àwọn. Ilẹ̀ Faransé ní ìwé ńlá kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń kọ orúkọ wọn sí, wọ́n sì fi òdiwọ̀n sí iye tí èèyàn lè rí gbà lọ́dún kan. Níbi tí kò bá sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ mọ̀? Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta gàrí mọ kóńgò tí wọ́n fi òòlù tì nídìí wọnú. Lókè, kóńgò ni. Nínú, kò pé. Ara tí wọ́n ti da oògùn mìíràn sí, kóńgò tí wọ́n tì nídìí ni, ẹni tó wà nílùú òkèèrè tó fẹ́ ra oògùn náà ló sì máa jẹ àjẹgbé rẹ̀. Ẹni tí ebi lé wọ inú iṣẹ́ yìí ni kì í sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀. Bí wọ́n bá tọ́jú èèyàn dáadáa, tí wọ́n fi adójútòfò fi í lọ́kàn balẹ̀, òṣùwọ̀n wọn á péye sí i. Owó tí wọ́n ná síbẹ̀ kì í ṣe sàráà.

Nílé wa níbí, tí èèyàn bá dárúkọ ìdánwò oògùn, Kano ló máa ń wá sọ́kàn. Lọ́dún 1996, nígbà tí àìsàn yírunyírun ń pa àwọn ọmọdé níbẹ̀, Pfizer yìí kan náà lo oògùn tuntun kan, Trovan, fún 100 nínú ọmọ 200, wọ́n fún 100 yòókù ní oògùn mìíràn. Ọmọ 11 ló kú nínú gbogbo wọn. Pfizer ní àìsàn ló pa wọ́n, oògùn àwọn kọ́, àwọn òbí sì ní wọn ò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ọdún 2009 ni iléeṣẹ́ náà tó gbà láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là nínú àdéhùn tó bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kano ṣe, láìgbà pé òun jẹ̀bi. Ọdún mẹ́tàlá gbáko! Ọmọ tó wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ nígbà náà ti ń lọ sílé ẹ̀kọ́ girama kó tó di pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó. Aláìsàn làwọn yẹn, kì í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ le, àmọ́ bí owó ṣe pẹ́ tó kó tó jáde ni mo ń tọ́ka sí.

Lọ́dún 2022, WHO gbé NAFDAC sí ipele kẹta nínú ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wo àwọn àjọ tó ń ṣàkóso oògùn, ohun ìwúrí sì ni. Ìjọba tún ń pe àwọn olówó wá sídìí ṣíṣe oògùn nílé, pàápàá lẹ́yìn tí GSK kéde lọ́dún 2023 pé òun ń palẹ̀ mọ́ kúrò ní Nàìjíríà. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ kan á dé tí iléeṣẹ́ kan á fẹ́ wọn àfijọ insulin tàbí ti trastuzumab lára àwọn ọ̀dọ́ wa. Mi ò ní kí wọ́n lé wọn. Kí wọ́n wá. Iṣẹ́ ni, ìmọ̀ ni, yóò sì dára kí òṣùwọ̀n náà wà nítòsí wa. Ṣùgbọ́n kí iye owó tó wà lórí ìwé adójútòfò, orúkọ iléeṣẹ́ adójútòfò tó dúró, àti iye ọdún tó máa bá ẹni náà lọ wà lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé àdéhùn, ní èdè tí ẹni tó ń buwọ́ lù ú gbọ́. Ọmọ ogún ọdún tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ni wọ́n máa wá bá. Tó bá mú ìwé náà wá fi hàn yín, ibi mẹ́ta yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kẹ́míìsì tàbí tẹ́ ẹ ń ra oògùn láti Ìdúmọ̀tà, bí wọ́n bá gbé àfijọ wá fún yín ní iye tó dín kù, ẹ má tìtorí iye owó sá fún un, ẹ má sì tìtorí rẹ̀ sáré gbà á. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ bi alágbàtà pé àfijọ ta ni, àti pé ilẹ̀ wo ni wọ́n ti fọwọ́ sí i. Kẹ́ ẹ sì bi í bí wọ́n ṣe gbé e wá. Insulin tẹ́ ẹ kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù tó wà láàárín ìwọ̀n 2 sí 8. Àwọn èèyàn ti fi ara wọn jìn, wọ́n ti wọ̀n ọ́n lára wọn, ó péye. Ẹ wá gbé e sínú fíríìjì tí iná kò dé sí fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ló kù tí wọ́n wọ̀n?